Kíkọ̀wé Fiṣẹ́ Sílẹ̀ Kí Nótíìsì Tó Pé

Iṣẹ́ tuntun kì í sábà ní sùúrù. Ilé iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èèyàn á ní kó wọlé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ìlú òyìnbó lonítọ̀hún ń lọ, físà á ti jáde, tíkẹ́ẹ̀tì tí agbára rẹ̀ ká á sì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ìgbà náà ni òṣìṣẹ́ á wá lọ tú àpótí, á fa lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ yọ, á sì rí i pé òun ti fọwọ́ sí i pé oṣù kan gbáko, tàbí oṣù mẹ́ta pàápàá, lòun máa fi sọ fún ọ̀gá kóun tó lọ. Láti Marina dé Broad Street níbi tí ilé báńkì àti ilé iṣẹ́ adójútòfò ti fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, títí wọ Ìdúmọ̀tà àti Òkè Àrín níbi tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù kì í ti í ní lẹ́tà kankan lọ́wọ́, kò sí oṣù tí irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ sì ń ṣe kò ju ọ̀kan lọ: wọ́n á dúró kí owó oṣù wọlé, wọ́n á gbọ́ aláàtì lórí fóònù, wọ́n á sì pòórá.

Mi ò bá wọn wí pé wọ́n lọ. Ẹni tó rí ibi tó sàn ju ibi tó wà lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú wọn ń sá fún ohun tí kò lè lé wọn, wọ́n sì ń fi ohun tó jẹ́ tiwọn sílẹ̀ sẹ́yìn nítorí eré náà. Òfin ilẹ̀ yìí fàyè gba kéèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí nótíìsì tó pé. Gbèsè ni nótíìsì. A lè fi ọjọ́ san án, a lè fi owó san án, ẹni tí a jẹ sì lè fi í jì wá tí a bá bá a sọ ọ́. Sísá nìkan ni kò san nǹkan kan níbẹ̀.

Kò sí ọmọ Èkó tí kò mọ nótíìsì onílé. Ti iṣẹ́ kò yàtọ̀ sí i: ẹni tó bá fẹ́ kí àdéhùn parí ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, yóò sì fún ẹnì kejì láyè láti palẹ̀ mọ́. Bí ọ̀gá bá fẹ́ ní kí òṣìṣẹ́ máa lọ, ó jẹ ẹ́ ní ọjọ́. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ lọ, òun náà jẹ ọ̀gá ní ọjọ́. Nítorí kí ọ̀gá lè rí ẹni tí yóò fi rọ́pò, kí ẹni tí wọ́n ní kó lọ sì lè rí oúnjẹ jẹ títí yóò fi rí iṣẹ́ mìíràn, ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀.

Ọjọ́ mélòó? Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ni a kọ́kọ́ ń wò. Bí ìwé náà kò bá sọ ọ́, tàbí tí kò sí ìwé rárá, Òfin Òṣìṣẹ́ ti 1974, tó wà nínú àkójọ òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 2004, ti sọ ọ́ ní abala 11. Ẹni tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan péré ni nótíìsì rẹ̀. Ẹni tó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì títí di kí ó tó pé ọdún márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Nótíìsì tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan sókè, inú ìwé ló gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí mo bá sọ èyí ni ẹnu máa ń yà, torí wọ́n rò pé oṣù kan ni ti gbogbo èèyàn.

Ṣùgbọ́n òfin yìí kò bo gbogbo wa. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ló pè ní òṣìṣẹ́: ọmọ ṣọ́ọ̀bù, awakọ̀, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹni tó ń tọ́jú fáìlì. Ó yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alákòóso, ti ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ti ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀. Máníjà báńkì, oníṣirò-owó tó ní ìwé ẹ̀rí ICAN, agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́, ohun tí wọ́n fọwọ́ sí nínú lẹ́tà wọn ló dè wọ́n. Ìdí nìyẹn tí oṣù mẹ́ta fi ń le koko lọ́rùn àwọn ọ̀gá báńkì ní Marina, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì ni òfin fi lé ọmọ tó ń bá wọn gbé fáìlì lọ́wọ́, bí ó bá ti lo ọdún mẹ́ta. Bí lẹ́tà ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kò bá sì dárúkọ ọjọ́ kankan, àkókò tó bá bójú mu fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́ máa ń wò.

Ìbéèrè tó ń dẹ́rù bani jù ni pé, ṣé ọ̀gá lè ní òun ò gbà? Ẹ ó gbọ́ ọ nínú ọ́fíìsì pé “wọn ò tíì gba lẹ́tà mi,” bíi pé ẹni tó kọ̀wé ń tọrọ ààyè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ẹjọ́ tó wà láàárín WAEC àti Oshionebo, tí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá ní 2006, ilé ẹjọ́ là á mọ́lẹ̀ pé ọjọ́ tí lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ bá tẹ agbanisíṣẹ́ tàbí aṣojú rẹ̀ lọ́wọ́ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ọ̀gá bá tó fèsì. Ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ni láti lọ, kò sí nínú agbára ọ̀gá láti kọ̀ ọ́. Abala 34 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sì ti ní a kò gbọdọ̀ fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́. Kò sí adájọ́ tí yóò ní kí akọ̀wé báńkì padà lọ jókòó sí ìdí káńtà nítorí pé nótíìsì rẹ̀ kò pé.

Kò fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀ láyé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, títí di 1875, òṣìṣẹ́ tó bá fi ọ̀gá sílẹ̀ láì parí àdéhùn lè dèrò ẹ̀wọ̀n, nígbà tó jẹ́ pé owó lásán ni ọ̀gá tó bá da àdéhùn yóò san. Irú òfin ọ̀gá àti ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó kó wọ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á tì nílé. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ tí ọ̀gá kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀daràn ni ẹni tó kúrò lọ́dọ̀ òun.

Àmọ́ ẹ̀tọ́ láti lọ kò pa gbèsè rẹ́. Nínú ẹjọ́ WAEC yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ sọ pé ẹni tó bá lọ lójú ẹsẹ̀ ń lọ láìsí àǹfààní kankan lọ́wọ́, yóò sì san gbèsè tó bá jẹ agbanisíṣẹ́ rẹ̀. Ibí gan-an ni owó ti dé. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí tábìlì HR, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ká ní owó oṣù òṣìṣẹ́ kan jẹ́ ₦240,000, tí àdéhùn sì ní oṣù kan. Ó fi lẹ́tà sílẹ̀ lónìí, ọjọ́ mẹ́wàá péré ló lè fi dúró. Bí a bá pín ₦240,000 sí ọ̀nà 30, ọjọ́ kan jẹ́ ₦8,000. Ọjọ́ 20 tó kù jẹ́ ₦160,000. Iye tí ó jẹ nìyẹn. Bó bá san án, tàbí tí wọ́n yọ ọ́ nínú owó tí ilé iṣẹ́ jẹ ẹ́, nótíìsì ti pé, ó sì lè mí.

Ọ̀pọ̀ kì í sì í san tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá fara balẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹni tí Òfin Òṣìṣẹ́ bo, owó tí ó ń gbà lọ́wọ́ gan-an ni a ó fi ṣírò; a kò gbọdọ̀ ka owó àṣekún àti àwọn àláwáǹsì mọ́ ọn. Nínú ₦240,000 yẹn, ó lè jẹ́ ₦110,000 péré ni owó oṣù gidi, tí ìyókù jẹ́ owó ilé, owó mọ́tò àti owó oúnjẹ. Nígbà náà, gbèsè ọjọ́ 20 kò tó ₦74,000. Ìkejì, ọjọ́ ìsinmi. Òṣìṣẹ́ tó kù díẹ̀ nínú ìsinmi ọdún rẹ̀ lè ní kí wọ́n fi dí ọjọ́ tó kù nínú nótíìsì, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló sì ń gbà bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá bá wọn sọ ọ́ ní ìrọ̀rùn. Ìkẹta ni pé òfin náà fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tí a jẹ ní nótíìsì lè yọ̀ǹda rẹ̀ pátápátá. Ọ̀gá tí ẹni tó ń lọ ti fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ dáadáa, tó ti kọ gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ sínú ìwé, tó sì fi àṣírí kọ̀ǹpútà lé wọn lọ́wọ́, kí ló tún fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń ní kó máa lọ kí ọjọ́ tó pé. Ṣùgbọ́n kí ìyọ̀ǹda yẹn wà nínú ìwé. Ẹni tó fẹnu yọ̀ǹda lónìí lè kúrò níbi iṣẹ́ náà lọ́la, ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Ti báńkì tún ní ìdíjú tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ báńkì sábà máa ń ní owó yíyá tí wọ́n fi èlé kékeré yá a nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ilé; nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, ọjọ́ tó bá kúrò ni owó náà di èyí tí wọ́n lè béèrè fún lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí èlé rẹ̀ di ti ará ìta. Ẹni tó ti gba owó ìsinmi ọdún lóṣù kìn-ín-ní tó sì fẹ́ lọ lóṣù kẹrin, wọ́n lè ní kó dá èyí tó ṣẹ́kù padà. Ilé iṣẹ́ mìíràn rán èèyàn lọ kọ́ṣẹ́, ó sì ní kó tọwọ́ bọ bọ́ǹdù pé yóò dúró fún ọdún méjì tàbí kó san owó ẹ̀kọ́ náà. Ó yẹ kí wọ́n ka gbogbo èyí kí wọ́n tó kọ lẹ́tà, torí ó lè jẹ́ pé nótíìsì ló kéré jù nínú ohun tí wọ́n jẹ.

Lórí ọ̀rọ̀ bọ́ǹdù yìí, mo ní ohun kan sọ. Àwọn baba ńlá wa mọ irú ìdè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yá owó a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Èlé ni iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, kì í dín kọ́bọ̀ kan kù nínú owó tí wọ́n yá. Bí ó lo ogún ọdún níbẹ̀, iye owó ọjọ́ kìn-ín-ní náà ni yóò san kó tó gba ara rẹ̀. Bọ́ǹdù tó bá ní kí òṣìṣẹ́ san gbogbo owó ẹ̀kọ́, yálà ó ti lo oṣù kan tàbí oṣù 23 nínú ọdún méjì, ìwọ̀fà ló fẹ́ jọ. Èyí tó tọ́ ni kí gbèsè náà máa dín kù bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Ẹni tí wọ́n bá gbé bọ́ǹdù síwájú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tijú láti béèrè fún ìyẹn kó tó fọwọ́ sí i.

Ohun kan wà tí kò sí ẹni tó lè gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, bó ti wù kó kúrò lójijì tó: owó ìfẹ̀yìntì tó wà nínú àpò RSA rẹ̀. Òfin Ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ sì máa dá ìdá mẹ́wàá, ó kéré tán. Owó náà ti di ti òṣìṣẹ́ látọjọ́ tó wọlé síbẹ̀, yóò sì bá a lọ sí ibi iṣẹ́ tuntun. Ẹni tí kò bá tíì pé 50 ọdún tó sì lo oṣù mẹ́rin láìrí iṣẹ́ mìíràn lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Mo ti pàdé àwọn tó rò pé àwọn ti pàdánù rẹ̀ nítorí pé àwọn kò sin nótíìsì pé. Irọ́ ni ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn pa. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó lọ ni kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilé iṣẹ́ ń fi owó náà ránṣẹ́ lóṣooṣù lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Marina ká wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, torí ibẹ̀ ni sísálọ ti ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ní Òkè Àrín níbi tí wọ́n ti ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ohun mímu ní páálí páálí, tàbí ní Bàlógun nídìí aṣọ, ọ̀pọ̀ ọmọ ṣọ́ọ̀bù kò fọwọ́ síwèé rí. Ẹnìkan ló mú wọn wá: ẹ̀gbọ́n, aládùúgbò, ará ìjọ. Ẹni náà ni onídùúró wọn. Síbẹ̀ òfin ò yọ wọ́n sílẹ̀. Àdéhùn ẹnu, àdéhùn ni, abala 11 sì bo ọmọ ṣọ́ọ̀bù bó ṣe bo akọ̀wé. Òfin náà tilẹ̀ ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ owó rẹ̀, irú iṣẹ́ rẹ̀ àti nótíìsì rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó ń ṣe é kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń pariwo pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń sá lọ. Ìwé ojú kan péré ni.

Níbẹ̀, ohun tó lè gba ọmọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ jù lọ́jọ́ tó bá ń lọ ni ọjà kíkà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé àbọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù á gun àkàbà, á máa pe páálí ní ìpele ìpele, láti orí àjà wá sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ipò rẹ̀ á máa kọ ọ́ sínú ìwé gbọọrọ. Ọ̀gá á jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé ọjà tó wọlé àti ìwé ọjà tó jáde. Páálí tó bá ya, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á ka agolo inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ka owó tó wà nínú dúrọ́ọ̀, tí wọ́n á sì yẹ ẹ̀rọ POS wò. Nígbà tí ohun gbogbo bá dọ́gba, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fọwọ́ sí ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá gba ẹ̀dà ìwé yẹn lọ, bí páálí 40 bá sọnù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kò sí ẹni tó lè dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó sá lọ láìka ọjà, ohun gbogbo tó bá kù nínú ṣọ́ọ̀bù náà látẹ̀yìn wá títí dìgbà pípẹ́, òun ló kó o. Kódà bí ẹlòmíràn bá jí i, orí rẹ̀ ni wọ́n á dà á lé, kò sì sí níbẹ̀ tí yóò fi fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọjà bá sì kù lóòótọ́, òfin ò fún ọ̀gá láṣẹ láti gbé owó oṣù ọmọ náà mì. Abala 5 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ kọ̀ kí agbanisíṣẹ́ gé owó òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìtanràn. Bí ọjà tàbí owó bá ṣòfò nítorí pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ hùwà burúkú tàbí pé ó pa iṣẹ́ tì, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó tó lè yọ iye tó bá bójú mu. Èyí tí wọ́n ń ṣe káàkiri Ìdúmọ̀tà, pé “owó oṣù rẹ ti wọ ọjà tó sọnù,” kò bófin mu, ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà máa sọ ọ́ fún ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀gá tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ láì sọ fún un ni “màá jẹ́ kí wọ́n gbé e.” Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ní abala 32 pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Nótíìsì tí kò pé, àdéhùn tó yẹ̀ ni. Kì í ṣe olè jíjà. Bí ọ̀gá bá fẹ́ gba owó nótíìsì rẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, ní ẹ̀ka kan níbí ní Ìkòyí. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù kíyè sí i pé bó bá mú kọ́kọ́rọ́ lọ, tàbí owó ọjà ọjọ́ yẹn, tàbí fóònù ṣọ́ọ̀bù, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ nótíìsì nìyẹn. Ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí pé kí wọ́n lọ ní ojú gbogbo èèyàn.

Onídùúró ni mo ń káàánú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá àgbàlagbà kan ní Ìta Fájì fi orúkọ rẹ̀ dúró fún ọmọ aládùúgbò, ó fọwọ́ síwèé, ó fi fọ́tò lé e. Ọmọ náà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ti dé Tóróńtò. Ta ni wọ́n á máa pè lóru? Bàbá ni. Lóòótọ́, ohun tí onídùúró sábà máa ń gbà lọ́rùn ni olè àti jìbìtì, kì í ṣe nótíìsì, àfi tí ìwé tó fọwọ́ sí bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó rí ẹni ṣàlàyé ìyẹn fún un, ojú ti tì í láàárín àdúgbò, kò sì ní dúró fún ọmọ ẹlòmíràn mọ́ láé. Láyé ọjọ́un, ẹni tó mú ọmọ wá sọ́dọ̀ ọ̀gá náà ló máa ń mú un padà lọ dágbére. Ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ aṣọ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tí ó sì fẹ́ lọ kó tó gba fíríìdọ́ọ̀mù, àwọn àgbà ilé rẹ̀ ló ń wá bá ọ̀gá jókòó. Ọ̀gá á bínú díẹ̀, wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á fẹnu kò sí iye tí wọ́n máa san tàbí iye oṣù tí ọmọ á fi kún un, ọ̀gá á sì gbàdúrà fún un. Èmi rí i pé ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn kò kéré sí èyí tó wà nínú abala 11.

Ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tún burú ju sísálọ lọ. Ní oṣù kẹfà 2024, Ààrẹ Tinubu pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti ṣí lọ sókè òkun tí wọ́n sì ń gba owó oṣù nílé láì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ dá owó náà padà, kí àwọn ọ̀gá tó mọ̀ sí i náà sì jìyà. Ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ tí kò ṣe ti ré kọjá ọ̀rọ̀ nótíìsì. Nọ́ọ̀sì tó kù nínú wọ́ọ̀dù ló ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, nítorí nínú ìwé, àyè kò ṣófo, wọn ò sì lè gba ẹlòmíràn.

Ìgbà kan wà tí òṣìṣẹ́ lè lọ lójú ẹsẹ̀ láì jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Abala 11 kan náà sọ pé nótíìsì kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ka àdéhùn sí èyí tó ti parí bí ìwà ẹnì kejì bá burú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó ń na òṣìṣẹ́, èyí tó ń fi ìbálòpọ̀ lọ̀ wọ́n, èyí tí kò san owó oṣù fún oṣù mélòó kan, òun fúnra rẹ̀ ló ti da àdéhùn. Kí ẹni tó bá ń lọ nítorí irú èyí kọ ìdí náà sínú lẹ́tà rẹ̀ kedere, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́, tí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá fún àǹfààní tó fún un bí gbogbo èèyàn ti ń kọ ọ́, ó máa ṣòro fún un láti sọ ohun mìíràn ní kóòtù.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń rò pé ti ọ̀hún le ju tiwa lọ. Òfin iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ti 1996 kò béèrè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ti lo oṣù kan, àfi bí àdéhùn rẹ̀ bá ní jù bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ, àṣà ni, òfin kò ní kí wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba físà iṣẹ́ lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ó má ṣe fi ìkánjú ti ilé ṣe é níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó mú un wá gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba pé ó ti lọ, wọ́n sì sábà máa ń fún un ní ọjọ́ 60 láti rí ẹlòmíràn tí yóò gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó kó ẹrù rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ kan á dá mi lóhùn pé àwọn ọ̀gá náà kì í fún wọn ní nótíìsì. Òótọ́ ni. Mo mọ bí ó ṣe ń rí: wọ́n á pe èèyàn sókè láago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á fún un ní lẹ́tà, kó tó sọ̀ kalẹ̀ wọ́n ti pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, sẹ́kúrítì á sì dúró tì í bó ṣe ń kó fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀ sínú páálí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọ̀gá yẹn ṣe dáadáa. Owó oṣù kan dípò nótíìsì wà nínú lẹ́tà náà. Ó ra ọjọ́ rẹ̀ ni. Ohun tí òfin jẹ́ kí ọ̀gá rà, ó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ náà rà á, ní iye kan náà. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tó ní kí òṣìṣẹ́ fún wọn ní oṣù mẹ́ta, àmọ́ tí ilé iṣẹ́ lè fi oṣù kan lé e. Ẹni tó bá rí irú rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i, kó ní kí wọ́n mú un dọ́gba.

Lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ kò gùn. Ọjọ́ tí a kọ ọ́, ọjọ́ tí yóò jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn, iye ọjọ́ nótíìsì tí yóò sìn, bí yóò ṣe san èyí tó kù, àti ìbéèrè pé kí wọ́n fi ọjọ́ ìsinmi tó ṣẹ́kù dí i bó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀dà méjì ni kí ó tẹ̀. Kí ẹni tó bá gbà á lu òǹtẹ̀ lé ẹ̀dà kejì, kó kọ ọjọ́ àti aago, kó fọwọ́ sí i, torí ọjọ́ tó dé ọwọ́ wọn ni òfin ń kà. Bí wọn ò bá gbà á, kó fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀gá àti HR pọ̀. Kó dá káàdì ìdánimọ̀, láptọ́ọ̀pù àti kọ́kọ́rọ́ padà, kó sì gba ìwé pé ó dá wọn padà. Kí ó tó jáde ní ẹnu ọ̀nà, kó béèrè fún ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tó sọ ipò rẹ̀, ohun tó ń ṣe, wákàtí tó ń ṣe lọ́sẹ̀ àti owó tó ń gbà. Àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ fún ètò ìṣílọ Express Entry ti Kánádà ni wọ́n ń béèrè ìwé yìí lọ́wọ́ wọn jù, HR ilé iṣẹ́ tí wọ́n sá kúrò sì ni wọ́n á padà kọ̀wé sí, lẹ́yìn ọdún méjì, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bá àwọn fọwọ́ sí i.